Àga Yín Ni Kí Ẹ Mì, Ẹ Má Mi Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni mí. Bí aládùúgbò wa bá ti tan hóòmù tíátà rẹ̀ lálẹ́, wúfà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì-gbì. Gíláàsì fèrèsé wa á máa gbọ̀n, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa lu ara wọn. Ìyá àgbà mi tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru á jí. Èmi tí mo ń múra ìdánwò WAEC á ka ìlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tí mo kà.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbádùn fíìmù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí béèsì mi òun tìtì, kí ó ra bass shaker, kí ó dè é mọ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀, kí ó sì yí wúfà wálẹ̀. Kí ni bass shaker? Wáyà wíwé àti mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ bíi ti sípíkà, ṣùgbọ́n kì í ti afẹ́fẹ́ bíi sípíkà; irin tó wúwo ló ń mì nínú rẹ̀. Bí a bá fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ igi àga, ara ẹni tó jókòó ni ìró náà ń wọ̀ tààrà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí mo ti ti ilẹ̀kùn mi." Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a kọ́ nínú físíìsì dá wọn lóhùn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Béèsì tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà 8.5. Ìyẹn gùn ju yàrá tí mo ń sùn lọ. Kọ́tíìnì àti ilẹ̀kùn pákó kò lè dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Earthquake jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn sípíkà ràgàjì sínú ilé sinimá kí òǹwòran lè mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Sensurround ni wọ́n pè é. Ní Chinese Theatre ní Hollywood, wọ́n ta àwọ̀n sábẹ́ àjà nítorí ohun tó lè já bọ́. Níbi tí gbọ̀ngàn méjì bá sì ti fara kanra, ẹni tó wá wo fíìmù mìíràn ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tí kò sanwó fún. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní béèsì tí kò pariwo kò dùn. Irọ́ ni! Ẹni tó bá ti dúró ti ìyáàlù rí mọ̀ pé àyà pẹ̀lú ń gbọ́ ìlù. Evelyn Glennie, onílù ará Scotland tí etí rẹ̀ ti di láti kékeré, máa ń bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ìró ìlù. Bí ẹ bá sì ní nǹkan olówó ni, ẹni tó ra wúfà tó ga dé orúnkún kò lè fi àìlówó ṣe àwáwí. Àwọn shaker kékeré wà tí amplifier wọ́ọ̀tì 50 lè gbé.

Mo ti rí i fúnra mi. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo bá àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ń tún rédíò ṣe, de ọ̀kan mọ́ àga wọn. Igi àga la dè é mọ́, kì í ṣe fóòmù. A fi wáyà sílẹ̀ kí ó dẹ̀ díẹ̀, kí ó má baà já nígbà tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé bá ń ṣí. A yí amplifier kí ó máa gba kìkì ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz. Ṣùgbọ́n a gbàgbé róbà abẹ́ ẹsẹ̀ àga. Kò pẹ́ tí ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ fi wá kanlẹ̀kùn: ilẹ̀ ló gbé ìró náà lọ bá wọn. A tọrọ àforíjì, a ra róbà nípọn, a fi tì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá náà béèrè bóyá a ti ta ẹ̀rọ náà ni. A kò tà á o! Bí a ṣe ń wo fíìmù lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àga ń mì.

Ẹ̀yin òbí, ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n kò yẹ kó di ọ̀rọ̀ òfin kí arúgbó tó rí oorun sùn. Ìgbádùn tí ẹ fi owó yín rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó lé e lórí.