Ta ni Ó Wí Pé A Kò Tíì Tó Ìjọba Í Ṣe?

Ẹ̀yin ará wa, àwọn kan wà láàárín wa títí di òní tí wọn a máa mi orí, tí wọn a máa wí pé: "Àwọn òyìnbó ló tètè lọ, a kò tíì gbó tó nígbà tí a gba òmìnira." Ọ̀rọ̀ àwọn amúnisìn ni èyí. Ó mà ṣe o, pé ẹnu ọmọ Áfíríkà ni a ti ń gbọ́ ọ! Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin kan dá wọn lóhùn.

Ulric Cross ni orúkọ rẹ̀, adúláwọ̀ tí a bí ní Port of Spain, ní erékùṣù Trinidad, ní 1917. Kí ogun 1939 tó bẹ́ sílẹ̀, ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ogun ti dé, kíá ni wọ́n ká òfin náà kúrò. Àṣé òfin tí ó le bí òkúta lè yọ́ bí òrí nígbà tí ìbẹ̀rù bá mú aṣòfin!

Cross wọ iṣẹ́ ogun ní 1941. Ó di afinimọ̀nà nínú Mosquito, bàálù onípákó tí ènìyàn méjì péré ń wọ̀. Lóru dúdú, òun ni ó ń fi máàpù, aago àti ìṣirò mọ ọ̀nà. Bí ìṣirò bá yẹ̀, ikú lè pa òun àti awakọ̀ rẹ̀. Ìgbà 80 ni ó lọ tí ó sì bọ̀. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ DFC àti DSO dá a lọ́lá.

Ẹ wò ó! Wọ́n gbé ẹ̀mí wọn lé adúláwọ̀ lọ́wọ́ lójú ogun, síbẹ̀ wọ́n ń wí pé adúláwọ̀ kò lè ṣàkóso ìlú baba rẹ̀. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a ní yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí wẹ ọwọ́ nínú iná, wọ́n sì tún ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Cross di agbẹjọ́rò ní 1949. Lẹ́yìn tí Ghánà gba òmìnira ní 1957, ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ láti ṣe agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀. Ó di olórí agbẹjọ́rò ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Kamẹrúùnù, ó ṣe adájọ́ ní Tànsáníà, kí ó tó padà sílé lọ dá ẹjọ́. Ó kú ní 2013, ẹni ọdún 96.

Ẹnìkan lè wí pé igi kan kì í ṣe igbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, ṣe afinimọ̀nà nínú ogun kan náà. Àwọn ará Jámánì já a lulẹ̀ ní 1943, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Òun náà di olórí agbẹjọ́rò ìjọba ní Sàró.

A kò sẹ́ pé ìjọba wa ti já wa kulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àìṣòótọ́ ni ó fà á, kì í ṣe àìgbọ́n. Àwọn tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà wà nígbà náà, wọ́n sì wà nísinsìnyí. Nítorí náà, ẹ bá olè wí, ẹ má bá òmìnira wí.