Òòyà Kan àti Gbogbo Ilé-Ayé
Ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Alabar, ní Kumasi, máa retí, nígbà tí atẹ́gùn Sàhárà bá ti fa ojú ọjọ́ gbẹ. Ẹ fi òòyà rọ́bà ya irun gbígbẹ, ẹ gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́: bébà á fò lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré, ó sì dùn mí pé eré náà la fi í sílẹ̀ sí. Ẹlẹ́kítíróọ̀nù ló kúrò lára irun bọ́ sára òòyà, bíi ti aṣọ tó ń ta pàrà bí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Nígbà òjò, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí iná yìí pẹ́ lára òòyà. Bébà kò ní iná kankan lára tẹ́lẹ̀ o. Òòyà ló ti ẹlẹ́kítíróọ̀nù inú bébà sẹ́yìn díẹ̀, ni ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i bá fà mọ́ ọn. Ẹ rò ó wò: gbogbo ilé-ayé, tòkè-tòkun, ló ń fa bébà yẹn sísàlẹ̀, síbẹ̀ òòyà kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Kò kàn lè gbé àpò ìrẹsì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni agbára iná yìí kan náà ló so egungun àti iṣan aláàrù tó ru àpò ọ̀hún pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bébà kí ẹ tó kọ òfin Coulomb ti ọdún 1785 lórí agbára iná yìí sójú pátákó.