Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbé orin ìjìnlẹ̀ jáde lórí rédíò: kí a gbé àwo lé ẹ̀rọ, kí a dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó parí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni ẹni náà, àfi pé kò rí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ wo olóògbé Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí a bí ní 1905. Ó gba oyè gíga nínú dùùrù títẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin African Suite ní 1944. Nígbà tí ó padà wálé ní 1953 láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní rédíò Nàìjíríà, ìbá fi orin Bach nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni, síbẹ̀ ó tọ àwọn àgbà ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lọ, ó sì gbé ìmọ̀ wọn sáfẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Òkun gbọ̀ngbọ̀n. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kàbà wà títí di 1967. Ó bọ́ sí Kwara, ó sì di ara Kogi ní 1991. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, díẹ̀ ni Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀. A ń béèrè ọ̀nà, a ń béèrè omi, a ń béèrè ipò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìgbéyàwó àti orin ìsìnkú wa ń bá àwọn àgbà wọlẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè wí pé orin Yorùbá tí ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá ti tó. Kò tó. Ọmọ Búnú tí ó gbọ́ orin gbogbo ayé láìgbọ́ ti ìyá-ìyá rẹ̀ yóò rò pé ìyá-ìyá òun kò lórin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé, ẹ béèrè wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí rédíò ìpínlẹ̀ fún orin Òkun, pẹ̀lú atọ́kùn tí ó gbọ́ èdè ilé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn àgbà. Kí wọ́n fi fóònù gba orin sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ akọrin, ìlú rẹ̀, àti ìdí tí a fi ń kọ ọ́. Bí a bá rí wákàtí náà gbà tí a kò ní orin tí a ó fi kún un, ẹjọ́ ta ni?