Alágbàtọ́ Kọ́, Ọ̀gá Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ni

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí à ń fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́.

Ní Ìjan-Èkìtì níbí, kì í ṣe ohun tuntun kí òbí fa ọmọ lé ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ lọ́wọ́ ní Adó, Ìbàdàn tàbí Èkó, kó lè kàwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gidi la tọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé igbá ẹrù ló máa gbé ka ọmọ ọlọ́mọ lórí láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń wọ aṣọ ilé ìwé. Alágbàtọ́ náà la ń pè é! Àwọn òbí kan tiẹ̀ ń gba owó oṣù lórí ọmọ. Ìgbàtọ́ wo nìyẹn?

Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast. Ẹ̀gbọ́n ìyá kọ́, àbúrò bàbá kọ́. Ẹbí bàbá rẹ̀ tó jìnnà díẹ̀ ló gbà á pé òun máa rán an níwèé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ náà kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 8 péré. Àpá 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Òfin sì wà níbẹ̀ o: ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́, sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọlọ́pàá rí ọmọ yìí, oníṣègùn rí i, síbẹ̀ ó kú. Àwọn òbí rẹ̀ wà lókèèrè, wọn ò mọ nǹkan kan.

Àwa náà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tó ka ọmọ kíkiri ọjà léèwọ̀, tó sì ní kí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ìgbàtọ́. Àmọ́ ta ló ń lọ sí kóòtù kó tó fa ọmọ lé ìbátan lọ́wọ́? Kò sí.

Nítorí náà, kí òbí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé náà, kó mọ ilé ìwé tí ọmọ máa lọ, kó gba nọ́ńbà tíṣà. Bí ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ ní kó bọ́ síta kó tó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá dúró tì í, “dáadáa ni” nìkan lẹ máa gbọ́. Kí ọmọ sì máa wálé lọ́dọọdún. Ó yẹ kí ìpàdé ìlú ní ìwé tí a ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó jáde sí, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé tó lọ. Kí àwọn àgbà wa dá wa lóhùn: ta ni yóò máa tọ́jú ìwé náà?

Èmi ni,
Òbí kan, Ìjan-Èkìtì.