Ewé Kì í Ṣe Páànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ya igbó fún géèmù àti fíìmù, ta ló sọ fún yín pé bí ewé bá ti pọ̀, igbó ti dé nìyẹn? Mo ti rí igbó orí kọ̀ǹpútà tí ewé ẹ̀ ò lóǹkà, síbẹ̀ tó dà bíi pé ẹnì kan gé páànù wẹ́wẹ́, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà, ó wá so wọ́n mọ́ igi. Iwájú mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn dúdú kirikiri. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn ni ò lágbára. Irọ́ ni, jàre.

Ẹ já ewé kan, ẹ gbé e sókè kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀. Ṣé ó dúdú? Ó ń tàn ni! Ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú ewé, á máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, kó tó já síta lódì kejì. Ewé á ti gbé èyí tó pọ̀ nínú pupa àti búlúù mì láti fi se oúnjẹ ara ẹ̀. Àwọ̀ ewé ló ṣẹ́ kù fún ojú wa. Ibi tó nípọn ò sì rí bí ibi tó fẹ́lẹ́.

Crytek ti Jámánì mọ èyí nígbà tí wọ́n gbé Crysis jáde ní 2007. Wọ́n fún ewé ní àwòrán kan tó ń sọ bí ara ẹ̀ ṣe nípọn sí, kọ̀ǹpútà sì fi ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ tó máa gba ẹ̀yìn wọlé. Kọ̀ǹpútà ọdún 2007 o! Lónìí, Unreal Engine ní Two Sided Foliage nílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí gan-an, ẹ ò kàn fọwọ́ kàn án ni.

Ẹlòmíì á ní ta ló ń wo ewé nígbà tí ìbọn ń dún. Ojú ń wò ó. Ẹni tó ń ta géèmù lè má mọ orúkọ ohun tó kù, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe igbó. Kódà ilẹ̀ abẹ́ igi pàápàá, ẹ fi òjìji ewé ṣóńṣó-ṣóńṣó kún un, nígbà tó jẹ́ pé róbótó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àlàfo kékeré máa ń rí nílẹ̀. Àwòrán oòrùn fúnra ẹ̀ ni.

Ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń pọ́n. Inú géèmù wo lẹ ti rí i kí oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá? Àwa tá a mọ oko kòkó la ṣì ń ra igi tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀, tá à ń tò ó sẹ́yìn ilé bàbá wa.