Ta Ni Ń Kọ́ Olùkọ́ Ìṣirò?



Láti ìgbà tí Èbúté Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu ẹ̀yin òbí: ṣé àwọn ọmọ tiwa náà á rí iṣẹ́ níbẹ̀? Èbúté tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5 kì í ṣe ibi iṣẹ́ alágbàrù nìkan. Wíwọn ẹrù, kíka kọ̀ntéńà, ṣíṣírò owó bodè, ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ìṣirò bá ti sú láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu géètì ni yóò dúró sí.

Olùkọ́ la sábà máa ń dá lẹ́bi. Ó dáa, ta ló kọ́ olùkọ́ náà? Àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ kò jìnnà sí wa. Wọ́n wà ní Noforija l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa pọ̀ mọ́ ti Ọ̀tọ̀-Ìjànikin ní 2022, tí ó di yunifásítì tí à ń pè ní LASUED.

Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí náà mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò Nàìjíríà, MAN, ti wà. Wọ́n ń pàdé lọ́dọọdún, wọ́n sì ní ìwé tiwọn, Abacus. Ọdún 1963 yẹn náà ni Grace Alele-Williams gba oyè dókítà ní Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Òun náà wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jókòó pọ̀ kọ ìwé ìṣirò tuntun tí wọ́n fi orúkọ ìlú Entebbe ní Uganda pè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà tí ìṣirò tuntun yẹn dé iléèwé wa, olùkọ́ tí a ti kọ́ dáadáa kò tó, òbí kò sì mọ ohun tí ọmọ ń gbé bọ̀ wálé. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá a dúró. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé aṣáájú tó bá rìn jìnnà ju àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ, òun nìkan ni yóò dé. Ẹ wo Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, ìṣirò pẹ̀lú. Èdè ilé ni wọ́n bá wọlé, ọmọ sì gbọ́. Ṣebí ìyá tó ń ka àádọ́ta ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta ná?

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìlànà karùn-ún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé, ẹ̀kọ́ ni. A dá a lábàá pé kí a máa yọ díẹ̀ nínú owó ètò ẹ̀kọ́ wa, kí a fi san owó ọkọ̀ fún olùkọ́ ìṣirò àdúgbò wa láti lọ sí ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kí a sì yá àwọn àti àwọn tó kọ́ wọn ní gbọ̀ngàn wa lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Kí ẹ̀yin oníṣòwò náà wá sọ bí ẹ ṣe ń ṣírò kọ́ńgò, èlé àti èrè láìmú bírò.

Àwọn kan á ní owó ẹ̀yáwó gan-an kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ogún ọdún sí i, ta ni yóò máa ka ìwé owó ẹgbẹ́ yìí? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò, kí ẹ wá sọ tẹnu yín ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ire o.