Ta Ló Ń Sọ Ìtàn Obìnrin Tiwa?



Sinimá The Woman King tó jáde ní 2022 ti dé Aguidi, tọmọdé tàgbà ló ń wò ó. Ohun kan dùn mọ́ wa nínú rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni balógun, kò bóra, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kò lẹ́wà. Ẹ wá wo eré Mẹ́síkò tí wọ́n fi Faransé sọ, tí àwọn ọmọ wa ń wò lálaalẹ́: ọmọge pupa ni arẹwà ṣáá. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìpara ìbóra kún orí àtẹ?

Ṣùgbọ́n ọmọ Nàgó ni wá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú sinimá yẹn, Ọ̀yọ́ ni akónilẹ́rú, àwọn obìnrin ológun Dàhòmì ni olùgbàlà. Ọba Gezo tí wọ́n yìn níbẹ̀ náà ló kó ogun lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851, tòun ti àwọn obìnrin ológun rẹ̀, tí Ẹ̀gbá fi lé wọn padà. Ní 1886, ogun Dàhòmì tú Kétu pátápátá. Obìnrin Kétu tí wọ́n so lókùn lọ, ṣé òun kì í ṣe obìnrin ni? A ò bá Fọn jà o, àna wa ni wọ́n. Ère tí wọ́n gbé dúró ní Kútọnu ní 2022, tó ga ní mítà 30, ó yẹ wọ́n. Àwọn ìyá tiwa ńkọ́?

Fíìmù Yorùbá tó ń ti Nàìjíríà wọlé kò sàn jù. Ìyá ọkọ tó jẹ́ àjẹ́, orogún olóògùn, ìyẹn náà ni. Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, aṣọ́bodè àti àpò ìrẹsì là ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń fún epo, tó ń gbé gàrí lọ sí Igolo, tí wọ́n sì fi bọ́ ilé lọ́dún yẹn, a ò rí wọn.

Òfin ti fi àga 24 sílẹ̀ fún obìnrin nínú àga depité 109. Lábẹ́ igi ìpàdé tiwa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì ń dúró sí, wọ́n á gbé omi wá, wọ́n á padà.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ fún wọn lága ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa sì gbé fóònù wọn lọ bá àwọn ìyá àgbà tó mọ ìtàn ogun àti ti ọjà, kí wọ́n gba ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀ ní èdè wa, kí ọ̀gbẹlẹ̀ yìí tó parí.